Ta Ni Ká Mú? Ẹjọ́ Ìjàǹbá Bàálù ní Shizukuishi

Ní ọ̀sán ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 1971, bàálù Boeing 727 ti ilé-iṣẹ́ All Nippon Airways gbéra ní Chitose lórílẹ̀-èdè Japan, ó ń lọ sí Tokyo. Èrò 155 àti òṣìṣẹ́ 7 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò náà jẹ́ mọ̀lẹ́bí àwọn tó kú sójú ogun. Ìrìn àjò afẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀. Lókè ìlú Shizukuishi, òun àti bàálù ogun F-86 kan forí sọ ara wọn. Gbogbo èèyàn 162 ló kú. Awakọ̀ bàálù ogun náà fi agboòrùn àwọn ológun sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni awakọ̀ yìí, ọmọ ọdún 22, ẹgbẹ́ wa. Ó ń kọ́ bí bàálù ogun ṣe ń tẹ̀lé ara wọn lójú òfurufú. Olùkọ́ rẹ̀ wà nínú bàálù mìíràn, òun ló sì ń darí. Ta wá ni ká mú?

Lọ́dún 1975, ilé ẹjọ́ ní Morioka dá àwọn méjèèjì lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n ọdún 4 fún olùkọ́, ọdún 2 àti oṣù 8 fún akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1978, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Sendai dá akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi olùkọ́ dúró. Lọ́dún 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé olùkọ́ jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ wọ́n dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù sí ọdún 3, wọ́n sì so ó rọ̀ fún ọdún 3; bí kò bá tún rúfin láàárín àsìkò yẹn, kò ní wọ ẹ̀wọ̀n. Ìdí ni pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló fi ìwàǹwára ya ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sítòsí ojú ọ̀nà bàálù èrò. Adájọ́ ní yóò le jù láti di gbogbo ẹrù náà lé olùkọ́ nìkan lórí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olórí àjọ ààbò ilẹ̀ náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló dúró níwájú adájọ́. Àwọn tó fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀ kò débẹ̀. Nínú ẹjọ́ owó ìtanràn, tí ilé ẹjọ́ parí lọ́dún 1989, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀bi bọ́ sọ́rùn ìjọba, ìdá kan sọ́rùn ilé-iṣẹ́ bàálù, nítorí ó yẹ kí awakọ̀ tiwọn náà máa wòye.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni Japan ya òfurufú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun sọ́tọ̀ kúrò lójú ọ̀nà bàálù èrò. Lójú tèmi, àtúnṣe yìí gan-an ló fi ibi tí ẹ̀bi wà hàn. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo ni àṣìṣe náà ti wá, wọn ì bá máà ní ìlà kankan láti tún fà.