Kọ́bọ́ọ̀dù Victrola tí a sọ di ohun èlò ilé mìíràn

Kọ́bọ́ọ̀dù Victrola tí a sọ di ohun èlò ilé mìíràn ni àpótí giramafóònù àtijọ́ tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe fún ìlò mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Victor Talking Machine Company ti ìlú Camden, ní New Jersey, Amẹ́ríkà, ló gbé Victrola jáde ní ọdún 1906. Ṣáájú ìgbà náà, ìta ni fèrè ńlá tí ohùn ń gbà jáde máa ń wà. Victrola fi í pamọ́ sínú àpótí, ẹ̀rọ náà sì wá bá àga àti tábìlì pálọ̀ mu. Igi mahogany, óákù tàbí walnut ni wọ́n fi ń kàn án. Ó ní ìdérí lókè, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí wọ́n ń ṣí tàbí tì kí ohùn lè ròkè tàbí kó rẹlẹ̀, àti àyè àwo orin nísàlẹ̀.

Nígbà tí rédíò gbilẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930, ọ̀pọ̀ Victrola kò wúlò mọ́, bẹ́ẹ̀ igi wọn ṣì le koko. Wọ́n sọ wọ́n di kọ́bọ́ọ̀dù ọtí tàbí ìwé. Káfíńtà á tú mọ́tò onísípíríǹgì àti fèrè kúrò, á sì fi pákó pín inú rẹ̀. Ihò tí irin ìyíẹ̀rọ ń gbà wọlé lápá ọ̀tún ló sábà máa ń tú àṣírí: bí wọ́n tilẹ̀ fi igi dí i, ojú àpá rẹ̀ kì í parẹ́. Lọ́jà ohun àtijọ́, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì pé ló ń wọ́n jù.