Ọba Láti Ìbíní, Ilẹ̀ Ọmọ Ọlọ́fin

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ìdílé Ọlọ́tọ̀ ni àwọn àgbà máa ní kó kọ́kọ́ lọ wádìí lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ apá Ìjọ́ra sí Ìgànmú ni, ọ̀dọ̀ Ọjọ́ra ni wọ́n máa júwe fún un. Bẹ́ẹ̀, ọba kan ṣoṣo ló wà lórí ìtẹ́ ní Ìgà Ìdúngànrán, òun ni gbogbo Èkó sì ń kí ní Kábíyèsí. Ọba ń jọba, ilẹ̀ tó ń jọba lé lórí sì wà lọ́wọ́ àwọn ìjòyè rẹ̀. Lójú tèmi, inú ìpín yìí gan-an ni agbára ìtẹ́ Èkó wà. Ìdílé tí Ìbíní gbé àṣẹ lé lọ́wọ́ di ti Èkó nítorí pé wọ́n gba àṣà ìlú mọ́ra, wọ́n sì jẹ́ kí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣà nìkan ni wọ́n gbà, tí wọ́n sì kó ilẹ̀, kò dá mi lójú pé ìtẹ́ náà ì bá dúró pẹ́ tó báyìí.

Àwọn Àwórì ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Ìtàn wọn sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ló kó wọn kúrò ní Ìṣẹrí wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, pé ìbẹ̀rù ogun ló lé wọn kọjá sí Ìdó, àti pé láti Ìdó ni wọ́n ti tàn dé erékùṣù Èkó. Àwọn ọmọ Ọlọ́fin pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn: Ọlọ́tọ̀, Ọjọ́ra, Olúwa, Oníru, Arómirẹ́ àti àwọn yòókù. Arómirẹ́ gbin ata sórí erékùṣù náà, orí oko ata yẹn sì ni ààfin ọba Èkó dúró sí títí di òní. Ìgbà tó yá ni ọwọ́ Ìbíní dé. Nígbà tí Andreas Josua Ulsheimer, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì tó bá ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Dọ́ọ̀ṣì wá, dé Èkó ní 1603, ìlú tó kún fún jagunjagun Ìbíní ló bá. Bí ọba ṣe wá jẹ níbẹ̀, ẹnu kò kò. Ìtàn Èkó ní ọmọ Àwórì ni Aṣípa, pé ó gbé òkú ọ̀gágun Ìbíní kan, Aṣérù, lọ sílé, inú Ọba Ìbíní sì dùn sí i débi pé ó fi í ṣe olórí Èkó. Ìtàn Ìbíní ní ẹ̀jẹ̀ ọba Ìbíní ni í ṣe. Adó ọmọ Aṣípa ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ọba Èkó ti ń ka ìran wọn. Àwọn kan máa ń bínú bí a bá dárúkọ Ìbíní nínú ọ̀rọ̀ yìí, bíi pé ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ Èkó. Kò sí ohun tó ń gbà. Bóyá ọmọ Ìṣẹrí ni Aṣípa o, bóyá ọmọ Ìbíní ni, ìtàn méjèèjì gbà pé láti Ìbíní ni àṣẹ náà ti wá, pẹ̀lú ìlù gbẹ̀du tí wọ́n fi mọ ọba.

Ohun tí ìran Adó fi àṣẹ náà ṣe ló yẹ ká wò dáadáa. Ìdó, láàárín àwọn ọmọ Ọlọ́fin, ni Adó gbé. Gabaró ọmọ rẹ̀ ló kọjá sí erékùṣù, òun náà sì ni ìtàn sọ pé ó dé àwọn ọmọ Ọlọ́fin ní fìlà funfun, tó sì sọ wọ́n di ìjòyè ọba lábẹ́ orúkọ Ìdẹ́jọ, tí olúkúlùkù sì dúró lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn Àkárígbẹ̀rẹ̀, tí orírun wọn so mọ́ Ìbíní, ló ń fi ọba jẹ, Ẹlẹ́tù Òdìbò sì ni olórí wọn. Àwọn Àbàgbọ́n di ọ̀rọ̀ ogun mú lábẹ́ Aṣọ́gbọ́n, àwọn Ògáládé sì ń rí sí ìṣègùn àti ètùtù. Ìtàn ní àwọn ọba ìṣáájú tó bá wàjà, Ìbíní ni wọ́n ń gbé wọn lọ sin, bẹ́ẹ̀ èdè Àwórì ni wọ́n ń sọ láàfin, ìyàwó ilẹ̀ yìí sì ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀yọ̀ tí Èkó ń fi yangàn lónìí, Ìbẹ̀fun ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n sọ pé ó ti wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí Olúgbani, ìyàwó Adó. Àṣẹ Ìbíní, ilẹ̀ Àwórì, eré Ìjẹ̀bú: gbogbo rẹ̀ wọnú ààfin kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó lé èkejì jáde.

Ìtàn àwọn ọba Gíríìkì tó jẹ ní Íjíbítì jẹ́ kí iyì ìpín yìí hàn kedere. Lẹ́yìn ikú Alexander ní 323 ṣáájú ìbí Jésù, Ptolemy tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀ gba Íjíbítì, ìran rẹ̀ sì jẹ títí di ọdún 30 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí Róòmù gbà á lọ́wọ́ Cleopatra. Wọ́n mọ iṣẹ́ ìdàpọ̀ àṣà, ká má parọ́. Lórí owó fàdákà, Gíríìkì pátápátá ni Ptolemy Kìíní: irun rẹ̀ lọ́, ó de ọ̀já ọba Gíríìkì mórí, ẹyẹ idì sì wà lẹ́yìn owó náà. Ṣùgbọ́n lára ògiri ẹnubodè tẹ́ńpìlì Horus ní Edfu, Ptolemy Kejìlá sán bàǹtẹ́ bíi Fáráò àtijọ́, ó fi ọwọ́ kan di irun orí àwọn ọ̀tá mú pọ̀, ó fi èkejì gbé kùmọ̀ sókè, òrìṣà Horus sì ń wò ó. Wọ́n gbé òrìṣà kan lárugẹ, Serapis, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Íjíbítì, tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ti Gíríìkì. Ní 196 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn àlùfáà fi oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta kọ oríyìn Ptolemy Karùn-ún sára òkúta Rosetta. Síbẹ̀, ní àkókò tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta yẹn lọ́wọ́, apá gúúsù Íjíbítì ti ya kúrò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi ọmọ ilẹ̀ wọn jẹ Fáráò ní Thebes, ọ̀tẹ̀ náà sì tó nǹkan bí ogún ọdún kó tó rọlẹ̀. Ọba ló ń pàṣẹ ilẹ̀ ní Íjíbítì nígbà náà. Ó pín oko fún àwọn ọmọ ogun tó ti òkè òkun wá, ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ àti owó orí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bàǹtẹ́ Fáráò tó wà lára ògiri kò lè pa ìyẹn mọ́ lójú ẹni tó ń san án.

Ẹnì kan lè sọ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni fìlà funfun náà, pé ọba fi oyè ra àwọn onílẹ̀ kí wọ́n má bàa dìtẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí kò sí ọba tó ń fúnni lóyè láìro ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi oyè rà, tí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tà tán. Ẹlòmíì lè ní àwọn Òyìnbó ló dá ìtẹ́ Èkó sí, kì í ṣe ìpín ilẹ̀ yìí. Èyí ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n mú Dòsùnmú, ọba Èkó nígbà náà, fọwọ́ sí ìwé pé ó yọ̀ǹda Èkó fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà, ọba Èkó kò ní ọmọ ogun mọ́, kò sì gba owó ibodè mọ́. Bó bá jẹ́ pé Òyìnbó nìkan ló gbé e ró, ọjọ́ tí Òyìnbó bá kọ̀ ọ́ ló yẹ kó wó.

Òyìnbó sì kọ̀ ọ́. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, tó jẹ́ Ìdẹ́jọ, pè wọ́n lẹ́jọ́ pé kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà fún ẹbí òun. Ilé ẹjọ́ Èkó ní kì í ṣe onílẹ̀, alábòójútó lásán ni. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí, Elékòó, ìyẹn ọba Èkó nígbà náà, ló wà lọ́wọ́ Macaulay. Ọmọ ìran Adó ló gbé ọ̀pá rẹ̀ jáde fún ẹjọ́ ọmọ ìran Ọlọ́fin! Nígbà tí ìjọba gbọ́ ohun tí Macaulay ń sọ lọ́hùn-ún nípa ipò Elékòó, wọ́n ní kí Èṣùgbàyí lu agogo kéde yíká ìlú pé òun kọ̀ ọ́. Kò lù ú. Wọ́n gba ìdánimọ̀ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì di 1925, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Láàárín ìgbà náà, ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá Olúwa láre: ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Bó bá jẹ́ pé ọba ló ni gbogbo ilẹ̀ bíi ti Íjíbítì, ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú ìwé kan náà, ni ilẹ̀ Èkó ì bá bá ọbabìnrin lọ. Àwọn ará ìlú kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí sinmi títí ó fi padà dé ní 1931.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn ní Mushin, Yábàá àti Súrùlérè, ẹ má fi Adó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Èkó, ẹ má sì fi Ọlọ́fin parí rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ìgà Ọlọ́tọ̀ ní Ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó mú wọn kọjá afárá lọ sí Ìdúngànrán. Ìtàn ìlú yìí ti bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín kó tó dé erékùṣù.