Díbọ́n: Ẹ̀rí láti Ifọ́n àti Ìlobù

Àwọn kan a máa ka díbọ́n mọ́ irọ́ pípa. Irọ́, ẹnu ló ń ti wá. Ìdíbọ́n, ìṣesí ni. Ẹni tó díbọ́n kú lè má fọhùn rárá, kó kàn nà gbalaja, kó sé èémí, bí Ìjàpá inú àlọ́. Ohun méjì ni mo rò pé díbọ́n kò lè ṣe aláìní: ìṣe tí ojú rí, àti ẹni tí a fẹ́ kí ìṣe náà tàn jẹ. Ìtàn Olúfọ́n, òrìṣà Ifọ́n, tí onímọ̀ Pierre Verger kọ sílẹ̀, fi èyí hàn kedere. Olúfọ́n ń lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́; babaláwo sì ti kìlọ̀ pé kó má kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, kó má ráhùn. Èṣù jókòó sójú ọ̀nà, ó ní kí bàbá arúgbó ran òun lẹ́rù, ló bá da epo sí i lára. Ó tún fi èédú ṣe é, ó tún fi àdí ṣe é. Èṣù ló díbọ́n: ó ṣe bí ẹni tí kò lè dá ẹrù gbé. Nígbà tí Olúfọ́n dé ilẹ̀ Ṣàngó, tí wọ́n fẹ̀sùn olè ẹṣin kàn án, tí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 7, kò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó dákẹ́ ni, kò díbọ́n, torí kò ṣe ohunkóhun láti jọ ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí a ń sọ pé “ó díbọ́n pé òun ò gbọ́”, ìṣe wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tí a pè tí kò kàn dáhùn, a ní ó kọ etí ikún ni. Àfi tó bá ń báṣẹ́ lọ, tó ń kọrin lábẹ́nu, ká tó ní ó díbọ́n. Àtakò tó le jù ni ti òṣèré: ó ń sunkún ẹkún ẹlòmíràn, a kì í sì í ní ó díbọ́n. Ìdí ni pé òun àti òǹwòran ti jọ mọ̀. Kò sẹ́ni tó tàn jẹ.

Ní Ìlobù, ìlú òrìṣà Erinlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sùn. Bí òrìṣà bá gun ẹlẹ́gùn, ohùn rẹ̀ yí padà, ìrìn rẹ̀ yí padà. Onígbàgbọ́ nínú Erinlẹ̀ ní “òrìṣà gùn ún”. Oníyèméjì ní “ó ń díbọ́n”. Ara kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ohun tí wọn kò fi ohùn ṣọ̀kan lé ni bóyá ẹni tó ń ṣe é mọ̀ pé òun ń ṣe é.