Dídín epo tí jíìpù ń jẹ kù ní Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Dídín epo tí jíìpù ń jẹ kù ni àpapọ̀ ọgbọ́n ìwakọ̀, ìtọ́jú ẹ̀rọ àti ètò ìrìnnà tí ó ń mú kí ọkọ̀ ńlá rin ọ̀nà tí ó jìn pẹ̀lú epo bẹntiróòlù tí kò pọ̀. Ní Festac Town àti ìyókù Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn àtijẹ-àtimu lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó ń fi epo ṣòfò níbẹ̀: ìdúró pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìwakọ̀ oníwàdùwàdù, àti àtúnṣe ẹ̀rọ tí kò bá ìlànà mu. Púpọ̀ nínú òfò wọ̀nyí ni awakọ̀ lè dín kù láìra ohun èlò olówó ńlá.

## Ìdí tí jíìpù fi ń jẹ epo

Ní Nàìjíríà, jíìpù ni orúkọ tí a ń pe gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ga nílẹ̀ tí inú rẹ̀ sì fẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni Jeep gan-an. Lára àwọn tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè yìí ni Toyota Highlander, Toyota 4Runner, Toyota RAV4, Honda CR-V àti Lexus RX. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, èbúté Tin Can Island tí kò jìnnà sí Festac sì ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọ orílẹ̀-èdè.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ epo ju ọkọ̀ kékeré lọ ni ìwúwo rẹ̀. Highlander ti ọdún 2008 wúwo ju 1,700 kílò lọ, nígbà tí Toyota Corolla ti ọdún kan náà kò tó 1,300 kílò. Epo ni ó ń ti ìwúwo náà kúrò lójú kan. Bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, agbára tí epo náà fún ọkọ̀ a di ooru lára bíréèkì, a sì ṣòfò. Nítorí náà, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń rìn tí ó sì ń dúró léraléra, ìwúwo ni ó ń náni lówó jù. Ohun kejì ni gíga àti fífẹ̀ ọkọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń dí i lọ́wọ́ bí eré rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ohun kẹta ni ètò tí ó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀, nítorí pé ó ń fi irin àti ìfàsẹ́yìn kún iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì.

EPA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ààbò àyíká, ṣírò rẹ̀ pé Highlander ọdún 2008 tí ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ilẹ̀ lè rin máìlì 17 pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kan láàárín ìlú. Èyí jẹ́ nǹkan bíi lítà 13.8 fún 100 kìlómítà. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n fi ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe lójú ọ̀nà tí ó dí pa bíi ti Mile 2.

## Agbègbè náà àti owó epo

Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac Town láti gba àwọn olùkópa nínú àjọ̀dún àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, FESTAC '77, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Wọ́n fi ètò pín ojú ọ̀nà inú ìlú náà sí òpópónà ńlá àti àdúgbò kéékèèké tí a fi nọ́ńbà dárúkọ. Ìjáde kúrò níbẹ̀ ni ó ṣòro. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń lọ sí Erékùṣù Èkó, Àpápá tàbí Òṣòdì ní láti gba Mile 2, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo ń gbà lọ sí èbúté Àpápá àti Tin Can Island. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń tò sójú ọ̀nà títí tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké kò fi rí àyè kọjá. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ tí ó ń ṣàkóso àwọn èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò orí ẹ̀rọ ayélujára kan tí a pè ní Eto, tí ó ń pe àwọn ọkọ̀ àjàgbé wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ náà lè dín kù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní ilé-epo NNPC ní Èkó, lítà kan tí ó jẹ́ nǹkan bíi 185 náírà di 488 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998 náírà.

Àpẹẹrẹ kan fi ìtumọ̀ èyí hàn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ agbára ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ tí ó dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ń jẹ nǹkan bíi lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti tóbi tó àti bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́. Bí jíìpù kan bá ń jẹ lítà kan ààbọ̀ ní wákàtí kan, tí ó sì ń dúró fún wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ 22 tí a fi ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù, lítà 66 ni yóò ti jó láìrìn rárá. Ní 998 náírà fún lítà kan, owó rẹ̀ jẹ́ 65,868 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà.

## Bí a ṣe ń wọn epo tí ọkọ̀ ń jẹ

Ẹni tí kò mọ iye epo tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ kò lè mọ̀ bóyá ó ti dín kù. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni láti rọ epo kún táńkì títí ẹnu ẹ̀rọ ìrọpo yóò fi dá ara rẹ̀ dúró, kí a sì kọ iye tí ẹ̀rọ òǹkà ìrìn ọkọ̀ ń fi hàn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, a óò tún rọ ọ́ kún ní ilé-epo kan náà. Iye lítà tí ó wọlé ní ìgbà kejì ni a óò pín fún iye kìlómítà tí ó rìn, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí ọkọ̀ bá rin 400 kìlómítà pẹ̀lú lítà 60, lítà 15 ni ó ń jẹ fún 100 kìlómítà.

Ọ̀pọ̀ jíìpù tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni ó ń ka ìrìn ní máìlì. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan sì jẹ́ lítà 3.785. Gálọ́ọ̀nù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tóbi jù ú lọ, ó jẹ́ lítà 4.546. Ẹni tí ó bá da wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn yóò ṣi ìṣírò ṣe.

## Ìwakọ̀ àti ìdúró

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan náà sọ pé títẹná lójijì, eré àsápajúdé àti títẹ bíréèkì lójijì lè mú kí ìrìn tí ọkọ̀ ń fi epo kan rìn dín kù ní ìdá 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti ní ìdá 15 sí 30 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ rẹ̀ àti ti iwájú, tí ó sì ń rọra yí tẹ̀lé e dípò kí ó máa sáré kí ó sì máa dúró, yóò dín iye ìgbà tí ó ń ti ìwúwo jíìpù náà kúrò lójú kan kù. Lójú ọ̀nà tí ó là, epo tí ọkọ̀ ń jẹ ń pọ̀ sí i kánkán bí eré rẹ̀ bá ti ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ.

Ìwádìí fi hàn pé bí ìdúró yóò bá ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, pípa ẹ́ńjìnnì kí a sì tún un tan ń jẹ epo tí ó kéré ju fífi í sílẹ̀ láìpa lọ. Ní Mile 2 tàbí Àgbójú, ìlànà yìí wúlò nígbà tí ó bá hàn gbangba pé ọkọ̀ kò ní í sún fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò bá ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ mu, kò sì bójú mu ní alẹ́ níbi tí ààbò kò bá ti dájú.

## Ìtọ́jú ẹ̀rọ

### Thermostat

Thermostat ni fáàfù kékeré tí ó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró kí ó má lọ sínú rédíétọ̀ títí ooru yóò fi tó ìwọ̀n 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà kí mẹkáníìkì yọ ọ́ dànù nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbóná jù. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná tó bí ó ti yẹ, pàápàá nígbà òjò àti lójú ọ̀nà tí ó là. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, a sì máa da epo púpọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ohun tí ó yẹ kí a wá ni ìdí rẹ̀: rédíétọ̀ tí ó dí, fáànù tí kò yí dáadáa, tàbí omi tí ń jò.

### Oxygen sensor àti catalytic converter

Oxygen sensor ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù nínú èéfín. Bí ó bá ti bàjẹ́, kọ̀ǹpútà ń da epo láìmọ ìwọ̀n. Títún irú àbùkù ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú kí ìrìn ọkọ̀ pọ̀ sí i ní ìdá tí ó tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Iná check engine tí ó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ni àmì rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ojúhò tí a lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ láti mọ ohun tí iná náà ń wí. Ní ọjà ASPAMDA tí ó wà nínú ọgbà Trade Fair lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì, a lè rí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun àti èyí tí a ti lò rí, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Belgium. Sensor tí a ti lò rí lè ti sún mọ́ òpin ọjọ́ ayé rẹ̀ kí a tó rà á.

Àwọn kan ń yọ catalytic converter kúrò nídìí ọkọ̀, wọ́n sì ń tà á nítorí irin iyebíye inú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀nà láti fi epo pamọ́. Gáàsì carbon monoxide, tí ó jẹ́ májèlé tí kò ní òórùn, a máa tú jáde láìdínkù sáàárín àwọn tí wọ́n jọ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

### Táyà àti ọ́ìlì

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀ kùtù, kí táyà tó gbóná, ni ó yẹ kí fọkanáísà fi gééjì wọ̀n ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi psi mẹ́wàá dín, ìrìn ọkọ̀ ń dín kù ní nǹkan bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá náà kéré, ṣùgbọ́n irú táyà bẹ́ẹ̀ ń tètè jẹ, ó sì lè bẹ́ lójú eré. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ó ki ju èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ lọ náà ń fi epo ṣòfò ní ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

## Ẹrù àti ẹ̀rọ amúlétutù

Ẹrù 45 kílò tí a kò nílò nínú búùtù ń dín ìrìn ọkọ̀ kù ní nǹkan bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ amúlétutù ń náni ní púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ooru líle, pàápàá fún ìrìn kúkúrú, ó lè dín ìrìn ọkọ̀ kù ní ìdá tí ó ju 25 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára kí a kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí ooru inú ọkọ̀ tí oòrùn ti pa jáde, kí a tó tan ẹ̀rọ náà, kí a sì jẹ́ kí ó máa yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po.

## Àwọn ìgbàgbọ́ tí kò tọ́

Àwọn awakọ̀ kan máa ń yọ jíà kúrò nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, wọ́n rò pé epo yóò dín kù. Nínú ọkọ̀ òde òní, bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí iná tí ọkọ̀ sì wà nínú jíà, kọ̀ǹpútà lè pa epo pátápátá. Bí a bá yọ jíà, ó ní láti máa da epo díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Bákan náà, ìgbàgbọ́ pé fíítà afẹ́fẹ́ tí ó dọ̀tí ni ó ń mú kí ọkọ̀ jẹ epo bá ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kabúrétọ̀ mu. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, agbára ìsáré ni fíítà bẹ́ẹ̀ ń dín kù jù. Ní ti mágínẹ́ẹ̀tì, oògùn inú táńkì àti àwọn ohun èlò mìíràn tí a ń polówó, EPA ti yẹ irú wọn tí ó ju 100 lọ wò, díẹ̀ péré ni ó sì ní àǹfààní kankan.

## Àwọn ọ̀nà mìíràn

Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ètò Presidential CNG Initiative sílẹ̀ láti ran àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ láti máa lo gáàsì àdánidá tí a fún pọ̀. Ó ń dín owó kù nítorí pé gáàsì náà dínwó ju bẹntiróòlù lọ, kì í ṣe nítorí pé ọkọ̀ nílò agbára díẹ̀. Sìlíńdà rẹ̀ tilẹ̀ ń fi ìwúwo kún ọkọ̀, ó sì ń gba àyè nínú búùtù. Ibi iṣẹ́ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó yẹ kí a ti ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Kìlómítà 13 ni ọ̀nà náà, ibùdókọ̀ márùn-ún sì wà lórí rẹ̀. Fún olùgbé Festac tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Erékùṣù Èkó, ó yọ apá ìrìn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ burú jù kúrò nínú iṣẹ́ jíìpù, ó sì fi ìrìn inú agbègbè nìkan sílẹ̀ fún un.