Ta Ló Ni Orúkọ Iṣẹ́? Láti Èbúté Dublin Dé Ìgbòbì

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ mọ̀ pé orí àwọn alágbàrù tó ń já ẹrù ọkọ̀ ní Dublin Port ni ìwádìí PhD mi dá lé. Kí kọ̀ǹténà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn níbẹ̀, àwọn ọkùnrin máa ń kóra jọ síwájú fóòmáànù láàárọ̀, òun á sì máa pe orúkọ àwọn tó fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní bọ́tìnnì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lára kóòtù wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Ẹni tí kò ní bọ́tìnnì á dúró dìgbà tí wọ́n bá pè wọ́n tán. Bí iṣẹ́ bá ṣẹ́kù, kó ṣe é. Bí kò bá ṣẹ́kù, kó gba ilé lọ. Agbára rẹ̀ lè ju ti oníbọ́tìnnì lọ, kò sẹ́ni tó bi í. Bàbá sì máa ń fi bọ́tìnnì sílẹ̀ fún ọmọ.

Bọ́tìnnì yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ará ilé níbí nípa orúkọ iṣẹ́ ìlera: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní physiotherapist, ta ni medical scientist, ta ni dókítà, ta ni consultant. Àwọn kan ní ìgbéraga lásán ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tọ́ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, torí náà ẹ jẹ́ ká wo ilé tí àwọn orúkọ yìí ti wá.

Ní Dublin níbí, ọdún 1446 ni Ọba Henry VI fún ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ ní ìwé àṣẹ. Onígbàjámọ̀ ayé ìgbà yẹn kì í gé irun nìkan. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára, ó ń la eéwo, ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìgbà tó di 1784 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ gba kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn, Royal College of Surgeons in Ireland. Àwọn tó gboyè ìṣègùn ní yunifásítì ló ń jẹ́ "Doctor" nígbà náà. Oníṣẹ́ abẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni, bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀, torí náà "Mister" ni wọ́n ń pè é. Ó ṣì rí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹni tó máa la ikùn rẹ ní ilé ìwòsàn Dublin, "Mr" tàbí "Ms" ló máa ń jẹ́, wọ́n sì ń fi yangàn! Kò sí aláìsàn tó rò pé ọ̀bẹ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó nítorí pé kò sí "Dr" níwájú orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá wo ti physiotherapy. Ní 1894, ìròyìn gbòde ní London pé àwọn ilé kan tó ń polówó ìfọwọ́ra, iṣẹ́ aṣẹ́wó ni wọ́n ń ṣe nínú wọn. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, Society of Trained Masseuses, kí ayé lè mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn lẹ pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi òfin de ara wọn pé àwọn kò ní tọ́jú ẹnikẹ́ni láìsí àṣẹ dókítà. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ọba ní 1920, wọ́n sì di Chartered Society of Physiotherapy ní 1944. Ìtìjú ló bí orúkọ yẹn, kì í ṣe fáàrí.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Ní 1902, ìjọba àmúnisìn dá West African Medical Staff sílẹ̀, wọ́n sì ti àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì kan náà ni àwọn kan nínú wọn àti òyìnbó ti jáde. Ní 1930 wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yábàá, wọ́n ní kí àwọn tó bá jáde níbẹ̀ máa jẹ́ "medical assistant". Iṣẹ́ dókítà, orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí Yaba Higher College ní 1934 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí kò tó ti yunifásítì, inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ọdún yẹn gan-an ni Dókítà J. C. Vaughan, H. O. Davies, Ernest Ikoli àti Samuel Akinsanya dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ìjà orúkọ iṣẹ́ wà lára ohun tó bí òṣèlú òde òní ní Nàìjíríà.

Ní 1945, àwọn physiotherapist méjì láti Britain dé Ìgbòbì láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa níṣẹ́ náà, àmọ́ "assistant" ni wọ́n ń pe àwọn náà. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1966, ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè physiotherapy. Bí ẹ bá rí physiotherapist tó ń jà fún orúkọ rẹ̀, ẹ rántí pé àwọn baba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ "assistant" pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lánàá, òun náà lè máa ti ilẹ̀kùn lónìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Nàìjíríà, NMA, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ìjọba má fún ẹni tí kì í ṣe dókítà ní orúkọ "consultant". Àwọn apòògùn, physiotherapist, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò ní àwọn náà ti kàwé débẹ̀. Ogúnjọ́ oṣù yẹn ni Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó. Àwọn dókítà ìjọba ò sí lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé ni wọ́n gbé e lọ. Orúkọ ilé ìwòsàn náà? First Consultants. Dókítà Ameyo Adadevoh ò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn náà, ìyẹn ló sì gba Èkó là. Dókítà náà kú, nọ́ọ̀sì kú pẹ̀lú. Àìsàn náà ò béèrè ta ni consultant.

Ní Ireland, òfin 2005 ló gbé CORU kalẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ Irish náà "cóir" ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, ohun tó tọ́ ló túmọ̀ sí. Social worker ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìwé orúkọ fún, ní 2011. Ti physiotherapist ṣí ní 2016, nígbà tó sì di 2018, kò sẹ́ni tó lè jẹ́ orúkọ náà mọ́ tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé. "Physical therapist" náà wọ abẹ́ òfin. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò mọ̀ pé ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ tó jọra lè má kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Bí wọ́n bá sì ṣe é léṣe, ó mọ ibi tó lè fẹjọ́ sùn sí. Ibí ni òfin yìí ti yàtọ̀ sí bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì ò béèrè ohun tó o mọ̀ rí.

Ibi tó ti wá jọ bọ́tìnnì ni ojú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ṣiṣẹ́ physiotherapy fún ọdún mẹ́jọ ní Ìbàdàn. Níbí, healthcare assistant ni ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan, ó ń dúró de ìwé. Ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá àgbà kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kò dáa, á ṣe eékún rẹ̀ léṣe. Ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ó fi sílẹ̀, physiotherapist ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ pé, physiotherapist dé, ohun kan náà ló sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá yẹn fi jẹ̀rora nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n kò tíì ní orúkọ.

Èrò tèmi nìyí. Kí òfin dáàbò bo orúkọ iṣẹ́, ó dáa, ìyá àgbà yẹn nílò rẹ̀. Àmọ́ ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ẹni sí ló ń dáàbò bo aláìsàn, kì í ṣe "Dr" tàbí "consultant" tó ṣáájú orúkọ. Bí ọ̀nà tó lọ síbi ìwé náà bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, aláìsàn ló ń san owó rẹ̀. Kí àwọn tó wà nílé fi ìyẹn sọ́kàn bí wọ́n bá tún fẹ́ yanṣẹ́ lódì nítorí orúkọ. Kí àwọn aláṣẹ ibí náà ka ọjọ́ tí wọ́n ń fi ẹni tó mọṣẹ́ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti japa, ẹ gba transcript, sílábọ́ọ̀sì àti lẹ́tà ìgbìmọ̀ iṣẹ́ yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Láti òkèèrè, ìyà ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ìdánwò tàbí kí ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó fúngbà díẹ̀, ẹ ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ orúkọ náà níbikíbi, àní lórí WhatsApp, kí orúkọ yín tó wọ ìwé: ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n wà nínú òfin.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba tiyín, oṣù mélòó ló gbà? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ bí ọ̀nà ṣe rí.