Bàálù Olówó Pọ́ọ́kú Láti London Sí New York: Ìtàn Freddie Laker

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní New York, ẹ ń béèrè lọ́wọ́ wa lórí bàálù olówó pọ́ọ́kú tó ń fò tààrà sọdá òkun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ ká pa ìtàn díẹ̀.

Nígbà tí àwa ṣì kéré, àwọn iléeṣẹ́ bàálù ńlá máa ń jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, IATA, wọ́n á fẹnu kò sí iye kan, ìjọba á sì fọwọ́ sí i. Wọn ò ro ti mẹ̀kúnnù mọ́ ọn rárá.

Freddie Laker, ọmọ ìlú Canterbury, ló ní òun ò gbà. Ní 1971, ó tọrọ àṣẹ fún ètò kan tó pè ní Skytrain. Kò sí pé à ń gba àyè sílẹ̀: o dé, o tò sórí ìlà, o ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà gan-an, o wọlé. Bí ebi bá ń pa ọ́, o san owó oúnjẹ lọ́tọ̀. Bíi mọ́tò ní gáréèjì kọ́ nìyẹn? Wọ́n fún un láṣẹ ní 1972, ìjọba tún yí ọ̀rọ̀ padà. Laker gbé ìjọba lọ sí kọ́ọ̀tù, ó sì borí. Ààrẹ Carter fọwọ́ sí i lọ́dọ̀ tiwọn ní Amẹ́ríkà, ìgbà tó sì di 26 September 1977, bàálù àkọ́kọ́ gbéra ní Gatwick. £59 péré ni àlọ! Ọdún mẹ́fà ló fi lé e o. Ẹ̀yin tí àdúrà ọ̀sẹ̀ méjì ti sú, ṣé ẹ gbọ́?

Àwọn ńlá náà bá já owó tiwọn wálẹ̀. Ìyẹn ló wú wa lórí jù, torí ẹni tí kò wọ bàálù Laker rí náà jẹ nínú rẹ̀.

Àmọ́ dọ́là ni Laker fi yáwó ra bàálù, pọ́n-ùn sì ni èyí tó pọ̀ nínú owó tó ń wọlé fún un. Nígbà tí pọ́n-ùn já wálẹ̀, gbèsè wúwo sí i. Ní 1979, DC-10 iléeṣẹ́ mìíràn já ní Chicago, wọ́n sì dá gbogbo irú bàálù bẹ́ẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ òun ni Laker ń lò. Ní 5 February 1982, iléeṣẹ́ náà kógbá sílé. Èrò há sẹ́yìn òkun pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹ wo ìfẹ́ o: aráàlú ń fi owó ránṣẹ́ sí i kó má bàa wó!

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà yẹn lẹ́yìn rẹ̀. WOW ti Iceland pa rẹ́ ní 28 March 2019, Norwegian náà sì fi ìrìn sísọdá òkun sílẹ̀ ní 2021. Virgin Atlantic tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 ṣì ń fò, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é ní olówó pọ́ọ́kú lónìí?

Nítorí náà, ẹ ṣe bí ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Lúùkù 14: ẹ ṣírò ẹrù, oúnjẹ àti ìjókòó mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Kẹ́ ẹ sì fi credit card san án tààrà fún iléeṣẹ́ bàálù. Ní Britain, bí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ tí kò kọjá £30,000, òfin fún yín láyè láti gba owó yín lọ́wọ́ àwọn tó ni káàdì náà bí iléeṣẹ́ bá wó. Debit card kò sí nínú òfin yẹn o.