Ìyá Àgbà tí a kò kọ Orúkọ Bàbá Rẹ̀ sí Ìwé

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn ìlú wa, orí obìnrin ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a jogún, Púpúpú, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tí a bí ní ààfin (àwọn kan ní ààfin Odùduwà, àwọn mìíràn ní ti Aláàfin), ni ó kọ́kọ́ jẹ Ọṣemàwé ní Oǹdó, obìnrin sì ni. Títí di òní, a kò lè fi Ọṣemàwé jẹ kí a má ké sí Lóbùn, tí òun náà jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbìyànjú láti dárúkọ ìyá tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀, kí ó sì sọ ilé tí ìyá náà ti wá: ẹnu rẹ̀ yóò wúwo. Ìlú tí obìnrin kọ́kọ́ jọba lé lórí ti sọ orúkọ àwọn obìnrin rẹ̀ nù.

Ní ilé tiwa, ọ̀ràn yìí ti kọjá ohun tí a ń kà fún ìgbádùn. Ní ìpàdé ẹbí kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí oko kòkó kan tí a ń pè ní ilẹ̀ Ìyá Àgbà, ẹnìkan dìde, ó sì wí ní ojú gbogbo ènìyàn pé ẹ̀ka tiwa kò ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, nítorí pé ẹrú tí a rà láti Àkúrẹ́ ni ìyá náà. Ó ní ẹrú kì í ní ilẹ̀. Ilẹ̀ olówó rẹ̀ ni ó dá. Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn àgbà tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá a.

Ohun tí a ní lọ́wọ́ kò tó nǹkan. A mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. A mọ̀ pé ó di Onígbàgbọ́, àti pé kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ẹnu kan òkété, èèwọ̀ tí àwa náà ń pa mọ́ láìmọ ìdí rẹ̀. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ti sọnù pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa rí. Àwọn ará ilé ọkọ kì í pe ìyàwó ní orúkọ. Bí ó bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ni a fi ń pè é. Bí ó bá sì wọ inú ìjọ, àlùfáà a fún un ní orúkọ láti inú Bíbélì. Obìnrin kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́rin, kí ó má sì sí ìwé kan tí ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ti àwọn ọkùnrin sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sàn púpọ̀. Nígbà tí ilé-ìwé dé, ẹ̀gbọ́n a máa fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé, àbúrò a mú ti bàbá àgbà, ẹni tí ó bá sì ka ìwé wọn lónìí yóò rò pé wọn kò bá ara wọn tan.

Ìwé ìrìbọmi ni a kọ́kọ́ lọ wò. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìdí rẹ̀ tí ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa kò fi pẹ́ ju bí ó ti pẹ́ lọ. Ogun àti ìjà abẹ́lé ti tú Oǹdó ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn sì ń gbé káàkiri ní àgọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1872, Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó, tí ó sì ń wá ọ̀nà tí ọjà yóò gbà dé etí òkun láìla ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, bá wọn dá sí ọ̀ràn náà, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ sípò. Ní ọdún 1877 ni Charles Phillips, àlùfáà ìjọ C.M.S., wá gbé ní àárín wa. Òun àti Samuel Johnson òpìtàn wà lára àwọn ìránṣẹ́ àlàáfíà tí ó parí ogun Kírìjì ní 1886. Ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ó sì kú ní 1906. Phillips a máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí sílẹ̀, a sì máa fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ó rán an níṣẹ́. Àwọn ìwé C.M.S. wọ̀nyí wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí. Ọmọ Oǹdó tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ lọ kà wọ́n, kí ó sì sùn sí ilé rẹ̀ ní alẹ́. Àwa tí a wà nílé ni ọ̀nà jìn sí.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a kò ní dárúkọ, inú àpótí lábẹ́ àwọn aṣọ akọrin àtijọ́ ni a ti bá ìwé tí a ń wá. Ikán ti jẹ etí rẹ̀. Lẹ́hìn ọ̀sán mẹ́ta a rí i: Màríà, àgbàlagbà, ará Àkúrẹ́, tí a rì bọmi ní ìgbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Phillips, orúkọ ọmọkùnrin rẹ̀ tí í ṣe bàbá bàbá wa sì tẹ̀lé tirẹ̀. Ní ibi tí ó yẹ kí a kọ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sí, ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo ni akọ̀wé fà.

Nígbà tí a mú èyí dé ilé, inú ẹni tí ó bá wa jà dùn. Ó ní ìlà náà ni ẹ̀rí: ẹni tí kò ní bàbá tí a lè kọ, kí ni ó jẹ́ bí kò ṣe ẹrú? A jẹ́wọ́ pé àyà wa já. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ti kọ́ wa láti máa wo gbogbo ojú ìwé, kì í ṣe ìlà kan. A padà lọ kà á. Lára àwọn àgbàlagbà tí a kọ sí ojú ìwé náà, èyí tí ó pọ̀ jù ni a fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí níwájú, àti àwọn tí gbogbo Oǹdó mọ̀ sí ọmọ ìjòyè. Kèfèrí ni òbí wọn, ọ̀pọ̀ sì ti kú. Akọ̀wé kò bèèrè. Àwọn ọmọ ọwọ́ nìkan ni a kọ orúkọ òbí wọn pé.

Lẹ́hìn èyí ni a lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954, tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì. Ibẹ̀ ni ìwé tí N. A. C. Weir, òyìnbó ìjọba, kọ lórí Àkúrẹ́ ní 1934 wà. Ó wúlò fún ètò àdúgbò àti ìjòyè, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí ìyá tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ó jókòó níwájú òyìnbó ni ó sọ ìtàn fún un. Èyí tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ àtijọ́ kan tí ẹbí fi pamọ́, níbi tí bàbá bàbá wa ti jẹ́rìí lórí ilẹ̀ yìí kan náà. Ó ní ìwọ̀fà ni ìyá òun, pé gbèsè ni ó mú un dé Oǹdó, pé a san owó náà tán, àti pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi dá oko náà lẹ́hìn tí ó ti bọ́. Ẹni tí ó ń bá a ṣẹjọ́ sọ òdì kejì. Ẹ̀rí bàbá wa dùn mọ́ wa púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a fura sí i. Ẹni tí ó ń wá ilẹ̀ ní kọ́ọ̀tù kì í sọ ìtàn tí yóò mú kí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, orúkọ tí àwọn méjèèjì jọ dá láìjiyàn ni kí a kọ́kọ́ gbà. Àwọn méjèèjì ni ó wí pé Àkúrẹ́ ni, àwọn méjèèjì sì ni ó dárúkọ àdúgbò Ìsọ̀lọ̀.

Kí a tó dé Àkúrẹ́, a fẹ́ sọ gbólóhùn díẹ̀ fún àwọn ará wa tí ń bẹ ní òkè òkun, nítorí pé ìyà tiwọn le ju tiwa lọ. Àwọn kan nínú ènìyàn wa la òkun kọjá, àwọn mìíràn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi tí a sì kó lọ sí Freetown. A kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, bí wọ́n ti ga tó, àti ìlà ara wọn sí ìwé níbẹ̀. Láti inú ìwé ti Freetown àti ti Havana ní Kúbà, orúkọ tí ó lé ní 91,000 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti kó jọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ìlà kan ṣoṣo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ti àwọn Oǹdó. Nínú ìwé ńlá tí Koelle tẹ̀ jáde ní 1854, láti inú ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí a tú sílẹ̀ ní Freetown, èdè Oǹdó wà níbẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún kan jókòó níwájú òyìnbó náà, ó ń sọ ohun tí a ń pe omi, iná àti ìyá, nígbà tí ìlú tí ó ti wá ṣì wà nínú wàhálà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní ìsinsìnyí lè fi ìbátan hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ.

Ní Ìsọ̀lọ̀, àwa kò mú ìwé jáde lákọ̀ọ́kọ́. A bèèrè ìyá tí ó dàgbà jù, a kúnlẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó gbọ́ oríkì tí àwọn ìyá wa fi ń tu ọmọ nínú. A kò tíì kà á dé ìdajì tí ìyá náà fi gbà á lẹ́nu wa, tí ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí a ti gbàgbé ní Oǹdó. Ó bèèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin náà kì í jẹ òkété?” Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ó tẹ̀lé wa bú sí ẹkún. Síbẹ̀, a kò fẹ́ tan ara wa. Ilé mìíràn lè máa pa èèwọ̀ kan náà mọ́, oríkì sì lè bá aya rìn láti ilé dé ilé.

A bèèrè nípa ọmọbìnrin tí ó sọnù. Wọ́n ní méjì ni, ṣáájú kí Adésídà Kìíní tó gorí oyè Déjì ní 1897. Ọ̀kan ni a fi dúró fún gbèsè bàbá rẹ̀. Èkejì bá àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sí ọjà ní ìgbà ogun, kò sì padà wá. Wọ́n dárúkọ àwọn méjèèjì fún wa. Èwo ni tiwa? Ẹ̀rí kọ́ọ̀tù fara mọ́ ti àkọ́kọ́, ìtàn tí alátakò wa ń sọ sì fara mọ́ ti èkejì.

Nígbà tí ẹbí tún péjọ, àwọn ará Àkúrẹ́ méjì bá wa wá. A ka gbogbo rẹ̀ jáde, èyí tí ó gbè wá àti èyí tí kò gbè wá. Ọ̀gbẹ́ni P. C. Lloyd, tí ó kọ ìwé lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1962, ti ṣàkíyèsí pé ní Oǹdó, ẹ̀tọ́ a máa gba ọ̀dọ̀ ìyá wá bí ó ti ń gba ọ̀dọ̀ bàbá. Àwọn àgbà kò nílò òyìnbó láti sọ èyí fún wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ wọn láti gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí oko wà bí ó ti wà, kí ẹnikẹ́ni má sì tún pe ìyá náà ní ẹrú ní ìpàdé. Ẹni tí ó bá wa jà kò sọ ohunkóhun. Ó bèèrè oríkì náà lọ́wọ́ àwọn ará Àkúrẹ́, ó sì ní kí wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀ kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

A ti ya àwòrán ìwé ìrìbọmi náà láti páálí dé páálí, a sì fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀dà kan. Nínú ìwé ẹbí wa, a kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin Ìsọ̀lọ̀ méjèèjì sí ojú ìwé kan, a fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, a sì kọ Màríà Àbẹ̀kẹ́ sí ìsàlẹ̀.